Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Mo Fi Irọ́ Kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ohun tí mò ń wí yìí sínú ìwé kàyé rẹ̀, torí mi ò lè kọ Yorùbá, mi ò sì lè ka Fàránsé. Ìwé kan ṣoṣo tí mo lè kà láyé yìí ni ti àwọn ará Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti gbé e pa mọ́. Ìyàwó mi kú, kò mọ̀ ọ́n. Rebẹ́kà ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lónìí.

Rebẹ́kà ń ta aṣọ lọ́jà Wàndó. Ẹ̀yìn ògiri wa ládùúgbò Dówà ni ilé ìyá rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ó gbé agolo bisikíìtì kan wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ìrántí ìyá wa di Sọ́ńdè. Àwọn lẹ́tà Bíọ́dún rèé. Ẹ̀yin lẹ kà á fún ìyá wa nígbà yẹn. Ẹ wá kà á fún àwọn ọmọ, kí wọ́n gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe purọ́ fún ìyá tó bí i títí ìyá fi kú."

Mo ní, "Mo ti gbọ́." Ó fi agolo náà sílẹ̀, ó lọ.

Sẹ̀mẹ̀ létí òkun ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ẹja ni mo bá nílé. Kí ìjọba àwọn kàmáráàdì tó dé, mo ṣiṣẹ́ bí ọdún kan nínú ọkọ̀ ẹja àwọn ará Rọ́ṣíà tó máa ń gúnlẹ̀ sí Kútọnù. Mò ń la ẹja. Ẹnu lásán ni mo fi kọ́ èdè wọn, kì í ṣe ìwé. Ríbà ni ẹja, kílẹ́bù ni búrẹ́dì, sìpasíbà ni ẹ ṣé. Èyí tó kù, èébú ni. Alásè ọkọ̀ ló kọ́ mi.

Nígbà tí ìjọba yí padà, tí gbogbo èèyàn ń pe ara wọn ní kàmáráàdì bíi ti àwọn ará Rọ́ṣíà, èdè náà wá di nǹkan ńlá. Ní Dówà, Rọ́ṣíà ni wọ́n ń pè mí. "Rọ́ṣíà, sọ ọ́ ká gbọ́!" Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn mọ́ mi. Èmi tí mi ò jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwé rí.

Bíọ́dún ni ẹ̀gbọ́n Rebẹ́kà. Ìjọba rán an lọ sí Rọ́ṣíà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kó tó lọ, ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Mo fún un ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní, àfi èébú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìyẹn náà. Tí wọ́n bá bú mi ńkọ́?" Mo ní, "Ọmọ ìjọ ni ọ́, máa lọ."

Ó ń kọ lẹ́tà ní Fàránsé, Rebẹ́kà ń kà á fún ìyá wọn. Ó tó ọdún méjì bẹ́ẹ̀ kí lẹ́tà rẹ̀ tó dáwọ́ dúró. Ọjọ́ kan ni lẹ́tà mìíràn dé. Kì í ṣe ọwọ́ Bíọ́dún. Èdè Rọ́ṣíà ni. Fọ́tò wà nínú rẹ̀: Bíọ́dún àti obìnrin òyìnbó kan nínú yìnyín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí n wá. Ní ilé yẹn, wọn kì í ka lẹ́tà lórí ìdúró. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n gbé mi jókòó sórí àga bàbá wọn tó ti kú, wọ́n fún mi lómi. Ìyá Bíọ́dún kúnlẹ̀ gbàdúrà kí n tó kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Mo gbọ́ èdè náà, àmọ́ mi ò rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rí. Bí ẹsẹ̀ akàn lórí iyanrìn ló rí lójú mi. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ojú tì mí. Mo wo fọ́tò náà. Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ara wọn le. Òtútù pọ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa gbàdúrà fáwọn."

Ìyá jó. Rebẹ́kà fẹ́ kọ èsì sí ìyàwó náà ní Fàránsé. Mo ní ìyàwó náà kò ní gbọ́, kó fi í sílẹ̀ fún mi. Mi ò kọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá lọ dúpẹ́ ní ìjọ Sẹ̀lẹ́. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé àwo èso tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà kejì dé. Mo ní, "Bó bá parí ẹ̀kọ́, ó ń bọ̀ wálé." Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá kan ṣe dè é.

Ẹ̀rù wá bà mí. Lọ́dún yẹn, wọ́n ṣí kíláàsì Rọ́ṣíà fún àwọn òṣìṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́, ní ilé ìwé kan nílùú. Mo sọ lọ́kàn mi pé tí mo bá mọ̀ ọ́n kà, màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ẹnì kankan kò ní mọ̀. Obìnrin ará Rọ́ṣíà ló ń kọ́ wa. Ó béèrè ẹni tó ti gbọ́ díẹ̀. Mo sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kàmáráàdì, ta ló kọ́ yín? Ṣé atukọ̀ ni?" Ó fi mí sáàárín àwọn tó mọ díẹ̀. Gbogbo wọn ń kàwé. Èmi kàn ń ṣí ojú ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró dè é, mo sọ fún un pé mi ò mọ ìkankan nínú àwọn ohun tó ń kọ sára pátákó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi bíìkì ìkọ̀wé sí i.

Oṣù méje ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá lọ bá ìyá pé kó yá mi ní lẹ́tà méjèèjì, mo fẹ́ fi kọ́ ìwé sí i. Ó kó o fún mi. Ó ní, "Ọlọ́run á là ọ́ lójú."

Láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀ ni mo fi kà á.

Bíọ́dún ti kú kí lẹ́tà kìíní tó dé. Àìsàn àyà ló pa á nígbà òtútù. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn aláṣẹ ilé ìwé rẹ̀ sọ fóun pé wọ́n á ránṣẹ́ sílé, àmọ́ òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wa rí. Ó ní Bíọ́dún sọ fún òun pé ẹnì kan wà ládùúgbò wọn tó gbọ́ Rọ́ṣíà, ẹni náà ló kọ́kọ́ kọ́ ọkọ òun, pé lẹ́tà èyíkéyìí tóun bá kọ, ẹni náà á kà á fún ìyá ọkọ òun.

Èmi ni.

Ìyàwó náà lóyún. Nínú lẹ́tà kejì, ó ti bímọ obìnrin. Ó ní ọkọ òun sọ pé lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ọmọ á ti gba orúkọ. Ó ní kí ìyá fi orúkọ ránṣẹ́.

Mo dìde láti lọ sọ ọ́. Mo bá ìyá nínú yàrá náà, ó ń fi ẹfun kun ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Rọ́ṣíà ọmọ mi, ṣé Bíọ́dún á fẹ́ràn ẹ̀?"

Mo ní, "Á fẹ́ràn ẹ̀, Ìyá."

Ẹ jọ̀ọ́. Títí di ìgbà yẹn, àìmọ̀ ni mo fi ń purọ́.

Lẹ́tà kẹta dé. Àga yẹn náà, omi yẹn náà. Ìyàwó Bíọ́dún ní òun ti mọ ìdí tá a fi dákẹ́, pé torí òun jẹ́ òyìnbó ni. Ó ní òun ti sọ ọmọ náà lórúkọ fúnra òun, òun kò ní yọ wá lẹ́nu mọ́. Ojú mi ń ka ìyẹn. Ẹnu mi ń sọ pé, "Iṣẹ́ pọ̀ fún un, àmọ́ ó ń bọ̀."

Lẹ́tà kò wá mọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyá máa ń ṣí fèrèsé yàrá náà kí atẹ́gùn lè wọlé. Títí ó fi kú. Gbogbo èèyàn ní ìyàwó òyìnbó ló gba Bíọ́dún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Rebẹ́kà kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìṣépè.

Tí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń rí Bíọ́dún. Ó wọ ẹ̀wù inú fọ́tò náà, ó dúró lẹ́bàá ògiri. Kì í bínú. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìyẹn náà."

Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí ti dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí bóyá àdírẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn lẹ́tà kẹta. Ó wà níbẹ̀. Mo lè kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èyí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Rebẹ́kà nìkan, àbí níwájú gbogbo wọn? Ọmọ Bíọ́dún náà á ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ṣé wọ́n ṣì lè fún un lórúkọ, nígbà tí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ti wà nínú sàréè? Ẹ bá mi bẹ Rebẹ́kà. Ẹ bá mi bẹ Bíọ́dún, kì í ṣe òun ló purọ́.

Ọ̀la ni Sọ́ńdè. Àga náà ṣì wà nílé wọn. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á sì gbé omi fún mi.