Ta Ló Kọ Nọ́ńbà Yẹn?

Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ̀ ń gbẹ́mìí wa sókè tí ẹ sì ń gbé e sọ̀ láyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó ẹrù, ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àbọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, tí mò ń ṣírò ìrìn ọkọ̀ òfurufú láti ìlú wa sí ìlú etíkun, àlọ àti àbọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ìyá Oníṣẹ́jú. Ọkọ mi ní tí òun bá béèrè oúnjẹ, iye ìṣẹ́jú tó kù ni mo fi ń dá òun lóhùn.

Jíjìn ìlú sí ìlú kì í yí padà. Ẹgbẹ̀rin kìlómítà ni lánàá, òun náà ni lónìí. Wákàtí ló ń yí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá kọjú sí i, ó lé ní wákàtí kan àbọ̀. Wákàtí yẹn la fi ń wọn epo. Ta ni kò mọ̀ pé àlọ kì í dọ́gba pẹ̀lú àbọ̀?

Èmi ni. Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́, mo mú nọ́ńbà afẹ́fẹ́ àlọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀. Ìkánjú ni, mo fẹ́ tètè lọ wo ilé tuntun tí a fẹ́ gbà. Ọ̀gá mi fọkàn tán mi, ó buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lójú ọ̀nà ni awakọ̀ rí i pé epo kò ní gbé e délé, ló bá yà balẹ̀ sí pápá kékeré kan. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Àwọn aláṣẹ pe àwa méjèèjì, wọ́n gbé ìwé sórí tábìlì: "Ta ló kọ nọ́ńbà yìí?" Mo wolẹ̀. Ọ̀gá mi wò mí, ó wo oyún inú mi, ó ní, "Èmi ni."

Wọ́n lé e lọ sí ibi ìkẹ́rùsí. Ọdún mọ́kànlá ló fi to àpótí kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni wọ́n wá gbé sórí àga rẹ̀. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, kò bá mi jà rí. Á kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti wo afẹ́fẹ́ òní?" Màá wolẹ̀, màá ní, "Mo ti wò ó, sà." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ fi fọ́tò mi kọ́ ara ògiri láàárín àwọn olórí yàrá wa. Ti ọ̀gá mi kò sí níbẹ̀. Mo ti yọ tèmi kúrò láàárọ̀ yìí. Lẹ́tà tí mo fi jẹ́wọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá pápákọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀bùn òní padà, kí wọ́n gbà á.

Bàbá náà, ọ̀gá mi ìgbà yẹn, ló jókòó nítòsí ilẹ̀kùn yẹn, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àbúrò mi, bàbá rẹ kò ṣàìbìkítà rí. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ, ẹ ó lọ ire. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bọ̀, ẹ ó bọ̀ ire. Ìwọ tó máa gba àga mi, Ọlọ́run má jẹ́ kí o kánjú.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ bi mí ní ìbéèrè yín orí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú gbogbo èèyàn. Lónìí, màá lè wojú yín dáhùn.

Ẹ ṣé o.