Kọ́bọ̀ Tó Há Sórí Bátìrì

Láyé ìgbà tí kọ́bọ̀ onírin ń pòórá lọ́wọ́ èèyàn l'Ékòó, mo jókòó sọ́dọ̀ rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe létí omi ní Ìdó, mò ń dúró de bátìrì mọ́tò mi, nígbà tí bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan gbé bátìrì tirẹ̀ dé, tòun ti wáyà orí rẹ̀.

"Àárín omi ni ẹ́ńjìnnì mi máa ń kú sí," bàbá náà ní. "Àwọn èrò á máa ké pe Ọlọ́run. Tí mo bá mi wáyà yìí díẹ̀, á tún dáhùn."

"Ẹ́ńjìnnì yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá," rewáyà náà ní. " Iná ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló ki kọ́bọ̀ sábẹ́ irin tó di orí bátìrì mú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọ omi, irin yẹn ò fún. Ló bá yọ kọ́bọ̀ lápò, ó fi há a. Ó ní ká ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ra òmíràn. A ò tíì rà á tí ọlọ́jọ́ fi dé bá a."

"Omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ó ti dógùn-ún. Ẹ jẹ́ n jù ú nù, kí n fi irin tuntun sí i."

"Fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n fọ kọ́bọ̀ yẹn fún mi. Mo fẹ́ lọ kàn án mọ́ ara ọkọ̀."

"Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kò lè ra gúgúrú mọ́!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Kò ní í ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́ tó báyìí, ṣé kò yẹ kó ríbi jókòó nínú ọkọ̀ ni?"