Olè Inú Táǹkì Edé

Mò ń dúró kí wọ́n wọn oúnjẹ ẹja fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Fádèyí nígbà tí ọkùnrin kan tó ń sin edé odò sínú táǹkì lẹ́yìn ilé wọn ní Abúlé Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún màmá àgbà kan tó jókòó ti kántà.

"Edé mi ń dín kù ṣáá, Mà. Mo ní àbúrò mi ló ń jí wọn sè. Mo pe ẹbí jọ lé e lórí, títí ó fi kó lọ sí Ọbaníkòró."

"Ó sì jẹ́wọ́?"

"Kò jẹ́wọ́. Àṣé edé máa ń bọ́ èèpo ara rẹ̀ bó bá ń dàgbà. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, ara rẹ̀ á rọ̀, àwọn yòókù á sì jẹ ẹ́. Ìṣojú mi ni wọ́n jẹ ọ̀kan tán láàárọ̀ àná."

"Àbúrò rẹ ò jí nǹkan kan nìyẹn."

"Kò jí nǹkan kan, Mà."

"Ṣé o ti wá lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ni mí, Mà. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ wálé, pé mo ti dárí jì í."

"O ti dárí jì í?"

"Pátápátá, Mà. Mi ò fi nǹkan kan sínú."