Àkísà Orí Tábìlì

Mo gba bac, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, tán, iṣẹ́ tí mo sì ń fi í ṣe ni kí n máa tò sórí ìlà láti ra oúnjẹ. Lórí ìlà ọ̀hún, ní àdúgbò Yopougon, ni mo ti gbọ́ ìyá onírẹsì tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà kan.

"Ọmọ mi, o ṣé. Mo rò pé ọbẹ̀ mi ni àwọn oníbàárà ò fẹ́ mọ́. Mo ti fẹ́ẹ́ padà sí Ṣakí."

"Tántì, ọbẹ̀ yín dùn. Àkísà orí tábìlì yẹn ló ń lé wa."

"Mo ti sọ ọ́ nù! Wọ́n ti ń padà wá. Àwọn yòókù dákẹ́, wọ́n lọ. Ìwọ bú mi, o sì jókòó jẹun."

"Mi ò bú yín o! Mo kàn ní ó ń rùn ni."

"O bú mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Gbé abọ́ wá, kí n bu ẹran sí i."

Mo ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rántí pé àkísà yẹn ni mo fi ń nu ẹnu lójoojúmọ́.