Ẹ̀rín Tí Mo Pè Ní Ayọ̀

Ká ní ẹ bi mí lọ́dún tó kọjá ni, ǹ bá sọ fún yín láìṣẹ́jú pé kò sí ojú tí mi ò lè kà ní gbogbo Ìlaròó. Lónìí, ojú kan wà nínú ilé mi tó ti sọ mí di òpùrọ́.

Aláwàdà ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi, irú èyí tí kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ ní poli ló kó bá mi. Mo kó fọ́tò ojú àwọn èèyàn jọ, mo kọ ohun tó ń ṣe kálukú sábẹ́ tirẹ̀: ayọ̀, ìbànújẹ́, ìbínú, ẹ̀rù. Kọ̀ǹpútà ń wò wọ́n lọ, ó ń wò wọ́n bọ̀, títí tó fi lè wo ojú tí kò rí rí, kó sì sọ ohun tó ń ṣe olójú. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ náà ló mọ̀. Èmi sì kọ́ ọ pé ẹni tó bá ti fi eyín hàn, inú rẹ̀ ń dùn ni. Mo gbé e sórí fóònù. Mo sọ fún bàbá kan ní Àgọ́sasà pé ó máa ń dá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì mọ̀. Bàbá rọra fa fìlà bojú.

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ìdógò sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi. Ó ní, "Àbúrò, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ." Mo ní kó dúró ná, mo na fóònù sí i lójú. Ó rẹ́rìn-ín. Fóònù ní ayọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ tuntun wo lẹ rí?" Gbogbo oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà tún rẹ́rìn-ín, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ.

Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín? Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò fi kọ́ ẹ̀rọ ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi sọ ni pé kókó ti so sí ọmú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti dá lọ sí ọsibítù, ó fẹ́ kí n sin òun lọ. Kò sọ ọ́ mọ́. Ìgbà tó di egbò la tó gbọ́, dókítà sì ní a ti pẹ́ jù.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Ìyàwó mi ló ń sọ ibi tó ń dun òun fún. Bí èmi bá dọ̀bálẹ̀ tí mo bi í pé ṣé ó ń dùn yín, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Inú mi ń dùn, àbúrò." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni mo ṣe tí mo fi ń bẹ òun.

Nígbà tí ìyàwó mi bá ń wẹ egbò náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹkún ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá wọlé, á dákẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa wọlé ni, àbí kí n jẹ́ kó sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn?