Kọfí Eléèrù

Nígbà ọyẹ́ kan, ní ọdún díẹ̀ kí àwọn Faransé tó kó lọ, ìyàwó olùkọ́ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àpò iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Bantè lọ sí Savalou, ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ìyá àgbà kan.

"Màmá, òtútù ló mú ọkọ mi tó fi ní kí n se kọfí tó máa ta lọ́nà ọ̀fun. Mo da ata-ilẹ̀ àti kànáfùrù sí i, mo wá fi èèrù lé e."

"Èèrù kẹ̀? Èèrù ọbẹ̀ abiyamọ?"

"Òun náà ni. Kó tó hó tán, òórùn ti gba àdúgbò. Ni wọ́n bá ń wọlé: 'Ẹ kú ewu ọmọ o!' Ẹnì kan gbé ọṣẹ wá, ẹnì kejì ru igi ìdáná."

"Ṣé wọn ò mọ̀ pé o ò lóyún ni?"

"Wọ́n ní aṣọ òtútù tí mo ń wọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn dé Gouka ni ìyá ọkọ mi ti ibẹ̀ dé, wọ́n ti ń jó bọ̀ láti ojú ọ̀nà. 'Ọmọ mi dà?'"

"Yéè! Kí lo wá sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bu kọfí sí ife, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn."

"Wọ́n dà á nù?"

"Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní kí n tún bu sí i. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n wo ìkòkò títí, wọ́n ní: 'Ọmọ yìí dùn. Àmọ́ àbúrò rẹ̀, kó ní ẹsẹ̀ o.'"