Ìyá Tó Ń Bá Wa Ṣiṣẹ́ Ilé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi ìyá ṣe ọ̀nà tí gbogbo wa gbà wọ ayé, àtolówó àti tálákà. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Anọ́bì wa, tí ìyá rẹ̀ kú lójú rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, ẹ̀yin kìrìsìtẹ́nì àdúgbò tí ẹ bá wa jókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún, ẹ súnmọ́ wa díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá.

Ẹ̀kọ́ tòní ò gùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí èèyàn lè dá kó tó gbé itọ́ mì, tó jẹ́ pé ó lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún un ṣe, kó má tún un ṣe tán. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kéèyàn tijú òbí rẹ̀. Mi ò sọ ti kéèyàn na òbí o. Mi ò sọ ti kéèyàn febi pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ṣe ìyẹn láéláé. Ìtìjú ni mò ń wí. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mukáílà. Ìkirè ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákòrò, kò sì ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Wúlẹ̀mọ́tù, ìyá rẹ̀, ló fi gààrí yíyan tọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nídìí agbada gààrí rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ooru á máa lù ọ́ láyà, èéfín á máa wọ̀ ọ́ lójú, o ò sì gbọdọ̀ dìde, torí bó o bá dìde, gààrí á jóná. Ibẹ̀ ni ìyá yìí jókòó sí títí ọmọ fi jáde ilé ìwé, títí ó fi jáde yunifásítì, títí ó fi ríṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irin ìkọ́lé. Ìgbà tí Mukáílà máa fi gbéyàwó, tó máa fi bí ọmọbìnrin méjì, ojú ìyá ti ń ṣókùnkùn.

Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni Mukáílà o. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú ìyá wá sí Ìbàdàn. Òun ló gbé e lọ síwájú dókítà ojú. Dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní ọ̀kan ti lọ, ṣùgbọ́n èkejì ṣì ṣeé dá dúró bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ojú yìí, bó bá kú, kì í jí."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ dókítà yìí sọ́kàn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni àjọ̀dún oúnjẹ bọ́ sáàárín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n. Inú oṣù kẹjọ ni, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Wọ́n á pa àgọ́ sórí pápá ńlá kan, àwọn alásè láti ìlú oríṣiríṣi á kóra jọ, onílé á kó ìyàwó àtọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n á máa tọ́ èyí wò, wọ́n á máa tọ́ tọ̀hún wò. Mi ò bá wọn jà o. Ọlọ́hun ò ní ká má gbádùn ara wa.

Sìfáwù, ìyàwó Mukáílà, ti ń wọṣọ fún àwọn ọmọ. Ó béèrè pé, "Màámi ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń bá wa lọ?"

Mukáílà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ìyá gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Ta ló fẹ́ sinmi? Ìgbà wo ni mo ṣiṣẹ́ tó rẹ̀ mí níbí? Ẹ mú mi dání jàre, kí n fi ojú tó kù wòran."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ lọ.

Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, bí oṣù kẹjọ ṣe máa ń rí. Ẹ wá wo inú ìyá yìí bó ṣe ń dùn! Wọ́n fún un ní wàrà, ó jẹ ẹ́. Wọ́n fún un ní súyà, ó ní ata rẹ̀ kò tíì tó. Wọ́n gbé áísìkiriìmù lé e lọ́wọ́, ó fi ètè kàn án, ó pariwo, "Háà! Ta ló lè jẹ yìnyín?" Ó sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dúró, bí ìyá bá ti gba àwo, á sọ fún ẹni tó ń bu oúnjẹ pé, "Ọmọ mi ló mú mi wá o. Òun nìyẹn, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni." Ará Ìjẹ̀bú kan tó se ìkọ́kọrẹ́ bù ú kún àwo fún un, ó ní, "Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, Màmá." Ìyá ní àmín.

Wọ́n rí tábìlì kan lábẹ́ àgọ́, wọ́n jókòó. Àwọn ọmọ sáré lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń fò. Ìyá ń fọwọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ó ń lá ìka. Ibẹ̀ ni Mukáílà gbójú sókè, tó rí Alájà Múnírátù àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ta ni Alájà Múnírátù? Òun ló ni ilé-iṣẹ́ irin náà. Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní Òṣogbo, Alájà ló sì máa yan ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Mukáílà wà lára àwọn tó ń gbé yẹ̀ wò fún ipò náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí Mukáílà ti ṣe? Lọ́jọ́ kan tí Alájà béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní bàbá òun ti di olóògbé, ó ní ìyá òun jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Àbúrò wo? Lọ́ńdọ̀nù wo? Ta ló rán an níṣẹ́? Alájà ò bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ló rò pé èéfín gààrí á máa rùn lára òun níwájú olówó.

"Mukáílà! Ìwọ náà wá?"

Mukáílà fò dìde. "Ẹ káàsán mà, Alájà. Ẹ káàsán sà."

Sìfáwù kúnlẹ̀ kí wọn. Alájà wá rí ìyá àgbà níbi tó jókòó sí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Alájà, ó tẹ orúnkún. "Ẹ káàsán mà." Ó yíjú sí Mukáílà. "Màmá wo rèé?"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Màláíkà tó ń kọ rere ti gbé kálàmù, èyí tó ń kọ búburú náà ti gbé kálàmù. Ìyá ti nu ọwọ́ rẹ̀ sétí ìró, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kọ́mọ ó fi òun hàn.

Mukáílà ní, "Ìyá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé ni, mà."

Subuhánálláhì.

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ìyá kò tètè lọ. Ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún níjòókòó. Sìfáwù la ẹnu, ọkọ rẹ̀ wò ó, ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tíṣù tó wà lórí tábìlì jọ. Òun náà jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ ká tàn án.

Alájà àti ọkọ rẹ̀ fa àga, wọ́n jókòó tì wọ́n. Ìyá ló wá dìde. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kó àwo rẹ̀ kúrò níwájú wọn. Ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà torí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣókùnkùn, ó lọ bu omi sínú abọ́, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀ sórí koríko tútù níwájú Alájà.

"Ẹ fọwọ́, mà."

"Háà, Màmá! Ẹ dìde. Ẹ ti dàgbà jùyẹn lọ."

"Iṣẹ́ mi ni, mà." Ìyá gbé ojú sí Mukáílà. "Àbí, ọ̀gá?"

Kí ni Mukáílà sọ? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ rò pé ó sọ pé kí ni? Ọlọ́hun ti tún ṣí ilẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Alájà fọwọ́. Ó yin ìyá. Ó ní, "Ẹ rí ìyá dáadáa. Ẹ máa tọ́jú wọn o."

Àwọn kan tí mo sọ ìtàn yìí fún sọ pé ìbínú ló gbé ìyá dìde, pé ó fẹ́ dójú ti ọmọ rẹ̀. Mo ti rò ó títí, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rí i pé ọmọ òun ti ru irọ́ tó wúwo, ó sì bá a gbé e kó má baà wó lù ú níṣojú ọ̀gá rẹ̀. Ìyá ni. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Nígbà tí wọ́n délé, Mukáílà dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ ò mọ bí àwọn olówó ṣe rí."

"Mi ò bínú, Mukáílà. Ilẹ̀ bá mọ́, kí o bá mi wá ọkọ̀ Ìkirè."

"Iṣẹ́ abẹ ojú yín ńkọ́?"

"Bí ọ̀gá rẹ bá yà kí ọ nílé lọ́la ńkọ́, tí àwọn ọmọ bá pè mí ní Ìyá Àgbà níwájú rẹ̀? Kí lo máa sọ? Èmi àti irọ́ tó o pa ò lè jọ gbé ilé kan náà. Òun lo kọ́kọ́ gbà sílé. Jẹ́ kí n máa lọ."

Sìfáwù kúnlẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá fọwọ́ pa á lórí, ó sì lọ di ẹrù rẹ̀.

Mukáílà ní òun á lọ mú un wá bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá pé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alájà fi í jẹ ọ̀gá Òṣogbo. Ó ní kó lọ gba ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀. Mukáílà rán awakọ̀ sí ìyá pẹ̀lú oògùn ojú àti owó oúnjẹ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn pé, ó tún sún un síwájú. Ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, ẹ̀gbẹ́ Ìkirè ló máa gbà kọjá. Ó ń kọjá níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá ti dé oríta ilé wọn, á tẹ ọkọ̀ kó yára kọjá. Ìtìjú tó jẹ́ kó sẹ́ ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè lọ wojú rẹ̀.

Òjò ti dá, ọyẹ́ ti ń fẹ́, kó tó yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó bá ìyá níwájú ilé, tó jókòó, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó sọ sàlámù. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyá dáhùn sàlámù. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mukáílà rò pé ìyá ń fìyà ọ̀rọ̀ jẹ òun ni. Ó ní, "Màámi, ẹ wò mí."

Ìyá gbé ojú sókè. Apá ibi tí Mukáílà dúró sí kọ́ ló kọjú sí.

Ọmọkùnrin yẹn ṣubú lulẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń ké bí ọmọdé. "Ẹ dárí jì mí! Ìyá mi ni yín, ẹ dárí jì mí!"

Ìyá ń fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi rí i. "Dákẹ́. Mo ti dárí jì ọ́ lórí pápá yẹn, kí n tó lọ bu omi. Àbí o rò pé màá jẹ́ kí Ọlọ́hun mú ọ?" Ó fọwọ́ pa á lójú, ó pa á lẹ́nu, ó pa á lágbọ̀n. Ó ní, "O ti rù."

Ọjọ́ yẹn náà ló gbé e padà síwájú dókítà. Dókítà tan iná sójú náà, ó pa iná náà. Kò bá Mukáílà jà. Ó kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ fẹ́ kí n sọ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mukáílà, àbí? Kò bọ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Alájà. Alájà ní, "O jẹ́ kí ìyá tó bí ọ kúnlẹ̀ gbé omi fún mi?" Ó bú sẹ́kún. Kò lé e, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Títí dòní, Mukáílà ni ọ̀gá Òṣogbo.

Ìyá kọ̀, kò padà sí Ìbàdàn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Mukáílà á wá sí Ìkirè, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ lóúnjẹ. Mo bá wọn níbẹ̀ rí. Nígbà tó sìn mí dé ìta, ó ní, "Ààfáà, wọ́n ti dárí jì mí. Ìdáríjì yẹn gan-an ló ń pa mí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi."

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ní kí n sọ nìyẹn. Ọlọ́hun máa ń forí jini, òbí náà máa ń forí jini. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò dá ojú padà. Bí ìyá rẹ bá wà láyé, tí kò mọ̀wé, tó ń fọwọ́ jẹun, tí aṣọ rẹ̀ ti ṣá, pè é ní ìyá rẹ níwájú èèyàn. Pariwo rẹ̀. Má dúró de ìgbà tí kò sí olówó níbẹ̀.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín. Ọlọ́hun, má jẹ́ ká tijú ẹni tí kò tijú wa nígbà tí à ń tọ̀ sí i lára. Fi ọ̀nà mọ̀ wá kí ọjọ́ tó lọ. Ẹni tó ti ṣẹ̀, jẹ́ kó tètè yà sílé. Wúlẹ̀mọ́tù tí kò ríran mọ́ láyé, fún un ní ojú méjèèjì padà ní àlùjánnà. Bó bá sì la ojú náà, Ọlọ́hun, jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà níbi tó ti lè rí i.

Àmín.